Ẹni Tó Ni Káàdì Ló Yẹ Kó Ni Ògbufọ̀ Rẹ̀

Nígbà tí ìyá aláṣọ kan ní ọjà Kétu bá ra fóònù tuntun, iṣẹ́ kan wà tí kì í pẹ́ rárá. Yóò yọ puce kúrò nínú fóònù àtijọ́, yóò fi í sínú tuntun, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù àkọ́kọ́ lè yàtọ̀ sí èyí tó ṣe èkejì. Síbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. Ẹnu kì í ya ẹnikẹ́ni sí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnu yà wá, nítorí kì í ṣe gbogbo puce ni ó ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀.

Puce kì í ṣe ike lásán. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, tó ní ibi tó ti ń ṣírò àti ibi tó ń pa àṣírí mọ́ sí. Irú rẹ̀ ni ó wà lára káàdì báńkì àti lára ọ̀pọ̀ káàdì ìdánimọ̀. Ní ọdún 1974, Roland Moreno, ọmọ ilẹ̀ Faransé, béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì méjì, Jürgen Dethloff àti Helmut Gröttrup, ti ronú sí ọ̀nà kan náà ṣáájú rẹ̀. Káàdì yìí kò ní iná tirẹ̀, kò sì lè dá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ òǹka-káàdì ni ó ń fún un ní iná, òun náà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tó sì ń gbé èsì bọ̀. Nínú fóònù, ẹ̀rọ náà fara sin. Ní báńkì, inú ẹ̀rọ tí ń pọwó ni ó wà. Ní ọ́fíìsì, ó sábà máa ń jẹ́ àpótí kékeré kan tí a fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà àti òǹka-káàdì kì í dédé gbọ́ èdè ara wọn. Ètò kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Pilote ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. Ní Yorùbá, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó ń ṣe. Ẹni tó bá ti bẹ ọmọ aládùúgbò rí pé kí ó bá òun ka lẹ́tà mọ ohun tí ògbufọ̀ lè ṣe fún ènìyàn, ó sì mọ ohun tó lè fi ṣe é. Bí ọmọ náà bá rìnrìn àjò, lẹ́tà di ìwé tó yadi. Bí ó bá fo ìlà kan, onílẹ́tà kò ní mọ̀. Lẹ́tà jẹ́ ti ẹni tí a kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn òǹka-káàdì ṣe rí gan-an nìyẹn ní àwọn ọdún 1990. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe wọ́n ní èdè tirẹ̀. Ó ń kọ ògbufọ̀ tirẹ̀, ó sì ń fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ fún. Àwọn tó ń lo Linux, ètò tí gbogbo ènìyàn lè kà, tí wọ́n lè tún ṣe, tí wọ́n sì lè pín fún ara wọn, kì í sábà rí nǹkan kan gbà. Èyí tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, tàbí tí ó bá rẹ̀ ẹ́ láti máa tún ògbufọ̀ rẹ̀ ṣe, òǹka-káàdì tí ara rẹ̀ le koko di aláìwúlò lọ́jọ́ tí a bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó fi owó rà á kò ṣẹ̀, òun náà sì ni ó pàdánù.

Nǹkan méjì ni ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé ní ọdún 1996, àwọn ilé-iṣẹ́ kan kóra jọ láti fẹnu kò lórí ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní PC/SC. Ìlànà yìí sọ bí ètò inú kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ òǹka-káàdì èyíkéyìí. Lórí Linux, ètò olómìnira kan tí ń jẹ́ pcsc-lite ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èkejì ni ìlànà CCID, tó sọ bí òǹka-káàdì fúnra rẹ̀ yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ lórí okùn USB. Bí wọ́n bá ti kì í bọ kọ̀ǹpútà, yóò kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun jẹ́. Yóò sọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́. Yóò sọ ìwọ̀n iná tí ó lè fún káàdì, ìbáà ṣe 5 volt, 3 volt tàbí 1,8 volt. Yóò sọ bí ó ṣe lè yára tó. Ògbufọ̀ tó bá gbọ́ gbólóhùn ìkíni yìí lè bá àjèjì òǹka-káàdì ṣiṣẹ́, bí ọjà ṣe ń gba àlejò tó mọ bí a ṣe ń kí ni.

Ní ọdún 2003, ẹlẹ́rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Ludovic Rousseau, gbé irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní gbangba. Lónìí, ògbufọ̀ kan ṣoṣo yìí ń ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹka-káàdì láti ọwọ́ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́. Fún ọdún púpọ̀, Apple pàápàá fi í sínú àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe òǹka-káàdì tuntun tó tẹ̀lé ìlànà, ó lè tó kí wọ́n kàn fi nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì kún ìwé orúkọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń tẹ̀lé ìlànà dáadáa, nítorí náà ni ògbufọ̀ náà ṣe kún fún àtúnṣe fún ẹ̀rọ tó ní àbùkù. Ṣùgbọ́n gbangba ni àtúnṣe náà wà. Ẹnikẹ́ni lè rí i, ẹlòmíràn sì lè tẹ̀síwájú níbi tí ẹni àkọ́kọ́ bá dé.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Ẹni tó fi ògbufọ̀ pamọ́ ni yóò sọ kọ̀ǹpútà tí a ó rà, ìgbà tí a ó pààrọ̀ rẹ̀, àti iye tí a ó san.

Àwọn kan yóò sọ pé bí àkọsílẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, olè yóò kà á. Ọ̀rọ̀ náà dà bí òótọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1883 ni Auguste Kerckhoffs ti kọ ọ́ ní èdè Faransé pé ètò ìpàṣírímọ́ tó dára kò gbọdọ̀ bàjẹ́ bí ó bá tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó yẹ kí ó jẹ́ àṣírí. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ bí àgádágodo ṣe ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń sùn nínú ilé tí wọ́n tì. Inú puce ni kọ́kọ́rọ́ wà, a kì í sì í mú un jáde. Ògbufọ̀ kàn ń gbé ọ̀rọ̀ lọ ni. Ẹni tó bá ti ṣi nọ́ńbà àṣírí puce fóònù rẹ̀ tẹ̀ nígbà mẹ́ta, tí wọ́n wá ń béèrè PUK lọ́wọ́ rẹ̀, ti rí i fúnra rẹ̀ pé puce ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Orílẹ̀-èdè Estonia kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó le. Láti ọdún 2002 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ní káàdì ìdánimọ̀ oní-puce, tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìwé láti orí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Masaryk, ní orílẹ̀-èdè Czech, ṣàwárí pé kọ́kọ́rọ́ tí àwọn puce kan ń ṣe kò lágbára tó. Àkọsílẹ̀ ètò tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ náà wà ní ìpamọ́, àwọn aláyẹ̀wò sì ti fọwọ́ sí i pé ó dára. Nǹkan bí 760.000 káàdì ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìjọba ní láti dá lílo wọn lórí kọ̀ǹpútà dúró ní oṣù kọkànlá ọdún náà, títí wọn yóò fi gba àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ètò tí ará ìlú ń lò lórí kọ̀ǹpútà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ètò náà ni ọ̀pọ̀ fi tún káàdì wọn ṣe láti inú ilé. Ibi tó wà ní ìpamọ́ ni àìsàn fara sin sí. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n gbà gbé oògùn wọlé.

Èyí kò sọ pé ohun tó ṣí sílẹ̀ kò lè ní àṣìṣe. Ètò tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó yóò di igbó. Díẹ̀ ni àwọn tó ń tún irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, nígbà tí àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀ kò lóǹkà. Ilé-iṣẹ́ àti ìjọba tó bá ń lò ó yẹ kí ó fi owó tàbí òṣìṣẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, káàdì oní-puce yóò máa pọ̀ sí i ni. Nítorí náà, kí ọ́fíìsì tàbí báńkì tó ra òǹka-káàdì, ìbéèrè mẹ́ta wà tí ó gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń tà á. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí tẹ̀lé ìlànà CCID? Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ògbufọ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba? Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá kógbá sílé lọ́la, ta ni yóò máa bá wa tún un ṣe? Ẹni tí kò bá rí èsì gidi fún ìbéèrè kẹta kò tíì ra nǹkan kan. Ó kàn yá a ni.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìyá aláṣọ ní Kétu kò mọ CCID, kò sì yẹ kí ó di dandan fún un. Ohun tó tọ́ sí i ni pé kí káàdì rẹ̀ máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu níbikíbi tí ó bá fi í sí, gẹ́gẹ́ bí puce inú fóònù rẹ̀. Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ lórúkọ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó bá a béèrè.