Bọ́ọ̀lù Tí Ó Fara Kan Ìlà



Ìyá ilé kan kọ̀wé sí wa pé òun àti ọkọ òun a máa lọ gbá tẹ́nìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú tọkọtaya mìíràn. Eré ni wọ́n ń bá lọ, ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá sí ilé. Ó ní ọkọ òun kì í jẹ́ kí òun fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń sáré já gbà. Bí wọ́n bá sì pàdánù, òun náà ni ó ń dá lẹ́bi títí di àkókò oúnjẹ alẹ́. Ó wá béèrè bí ó bá yẹ kí òun fi eré náà sílẹ̀.

Ìdáhùn wa ni pé, rárá, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀. Kí ó fún baálé rẹ̀ ní ìwé ìròyìn yìí, kí àwọn méjèèjì sì jọ kà á.

Kì í ṣe ohun tuntun kí ọkùnrin àti obìnrin dúró ní apá kan náà nínú eré yìí. Ní Wimbledon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìdíje ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, a fi ìdíje tọkùnrin-tobìnrin kún un gẹ́gẹ́ bí ipò aṣíwájú ní ọdún 1913. Ní ọdún 2006, Martina Navratilova, ẹni ọdún 49, àti Bob Bryan jọ gba ife tọkùnrin-tobìnrin nínú ìdíje ńlá ti Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ pé agbára apá nìkan ni a fi ń borí ni, kí ni ìyá náà ì bá wá ṣe níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo pápá náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá dojú kọ ẹnì kan, ìbú pápá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 27. Nígbà tí ó bá di ẹni méjì-méjì, ó di ẹsẹ̀ bàtà 36. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ dá nìkan ṣọ́ gbogbo rẹ̀ yóò fi ibi tí ó ti kúrò sílẹ̀ gbayawu, ibẹ̀ gan-an ni ọlọ́gbọ́n yóò sì gbá bọ́ọ̀lù sí. Bí ọkọ bá sún sí ọ̀tún, kí aya sún sí ọ̀tún. Bí wọ́n bá ń súnmọ́ àwọ̀n, kí wọ́n jọ súnmọ́ ọn. Àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà.

Òfin eré fúnra rẹ̀ kò gbà kí ọkùnrin gbé obìnrin pamọ́. Ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ń gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ní gémù tirẹ̀. Ẹni tí a bá sì gbá a sí ni yóò dá a padà. Ẹnìkejì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a gbá a. Ìgbà kan ń bọ̀ nígbà náà tí ohun gbogbo yóò wà lọ́wọ́ obìnrin náà nìkan. Bí ọkọ rẹ̀ kò bá ti jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀sán, ọwọ́ tí ó ti tutù ni yóò fi gbá a. Ta ni ó jẹ̀bi?

Bọ́ọ̀lù àárín ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jùlọ. Àwọ̀n ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ́bàá òpó, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni ní àárín. Nítorí náà ibẹ̀ ni ó rọrùn láti gbá bọ́ọ̀lù gbà, tí ọkọ yóò máa wo aya, tí aya yóò sì máa wo ọkọ. Kí wọ́n ti fi àdéhùn sí i ṣáájú. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni tí ó wà ní apá òsì ni ọwọ́ agbára rẹ̀ wà ní àárín, òun ni ó sì yẹ kí ó gbá a, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Kí wọ́n sì máa ké sí ara wọn: "Tèmi!" tàbí "Tìrẹ!" Ìyàwó tí ó bá ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ̀ lè pe "Tiyín!", ṣùgbọ́n kí ó tètè pè é, nítorí bọ́ọ̀lù kì í dúró de ìkíni.

Bí ọkùnrin alágbára bá sì dúró gbọn-in ní ẹnu àwọ̀n ní apá kejì, kí obìnrin má ṣe bá a du agbára. Kí ó rọra gbé bọ́ọ̀lù gba òkè orí rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn kan a máa béèrè bí ó bá tọ́ kí ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù sí obìnrin. Ó tọ́, eré ni òun náà wá ṣe, ẹni tí ó bá sì ń kẹ́ ẹ bí ọmọ ọwọ́ ń fi í wọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí a fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ara ẹni tí ó wà nítòsí, nígbà tí àyè gbalasa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí kì í ṣe akin.

Nísinsìnyí, mo ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi. Nínú eré ọ̀rẹ́, níbi tí kò sí onídàájọ́, apá kọ̀ọ̀kan ni ń ṣe ìdájọ́ bọ́ọ̀lù tí ó bá balẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó bá fara kan ìlà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, wọlé ni. Bí iyè méjì bá wà, ti àwọn tí ó dojú kọ wá ni; bí ọkọ àti aya kò bá sì fi ohùn ṣọ̀kan, ti wọn náà ni.

Ní ọjọ́ kan, ó ku àmì kan ṣoṣo kí àwọn ọ̀rẹ́ wa borí. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Mo ké pé, "Ó jáde!" Ìyàwó mi sì wí pẹ̀lẹ́ pé, "Baba àwọn ọmọ, ó wọlé." Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pàdánù. Ojú tì mí, inú sì bí mi. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé.

Ní alẹ́, mo bi í pé, "Ṣé o rí i dájú?"

Ó dáhùn pé, "Mo rí ẹfun ìlà tí ó bù sókè. Ẹ̀yin náà rí i."

Mo dákẹ́, nítorí pé mo rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù mìíràn dá iyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Kò tún bá mi jà. Ó kọjú sí ìyàwó mi, ó ní, "Ìyá, kí ni ẹ rí?" Ìyàwó mi ní ó jáde. Ọ̀rẹ́ mi gbà á láìjiyàn, a sì ń bá eré wa lọ. Àmì kan ni ó ná wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, kò tún sí ìjà ìlà láàárín àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́.

Nítorí náà, ìwọ baálé tí à ń bá wí, ní Sátidé tí ń bọ̀, fi bọ́ọ̀lù aya rẹ sílẹ̀ fún un. Bí ó bá tàsé, má ṣe mí kanlẹ̀, má sì ṣe wo ojú ọ̀run. Sọ pé, "Ó kù díẹ̀," kí o sì padà sí àyè rẹ. Ìwọ ìyá ilé, má ṣe fi eré sílẹ̀; ké "Tèmi!" kí ó dún, kí o sì gbá a. Bí ẹ bá borí, ẹ jọ yọ̀. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ fi ìjà sílẹ̀ ní pápá, kí ẹ sì jọ jẹ oúnjẹ alẹ́ yín ní àlàáfíà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.