Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ajá Yín Rọra Dàgbà

Ẹni tó bá kọ́lé tán ní Èkó tàbí Ìbàdàn lóde òní, tó mọ fẹ́ǹsì, tó ri géètì, ajá ló kàn. Kì í sì í ṣe ajá kékeré o. Boerboel tó ti South Africa wá ni, tàbí Caucasian onírun kìjikìji tí ooru Èkó ń yọ lẹ́nu látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí Rottweiler, tàbí Alsatian tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí ajá ọlọ́pàá. Ohun tí olówó ajá ń fẹ́ ni kí ẹranko náà tóbi, kó sì tètè tóbi, kí olè tó bá yọjú lókè fẹ́ǹsì rí i, kó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ta ajá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ọmọ ajá olóṣù méjì, tí wọ́n ń nàka sí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ wo bí eegun rẹ̀ ṣe ki!"

Tẹ́lẹ̀, oúnjẹ inú àpò tó ń ti òkè òkun wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, tí dọ́là tó wà ní nǹkan bíi náírà 460 fò kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí, àpò oúnjẹ ajá ti di ohun tí èèyàn ń wò láwòtúnwò kó tó béèrè iye rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹran tútù ti gbilẹ̀. Wọ́n ní ajá kì í ṣe ẹlẹ́kọ, ẹran ni ìran rẹ̀ ń jẹ nínú igbó kí èèyàn tó mú un wálé. Nítorí náà, kí á lọ sí odò ẹran bíi ti Oko-Ọba ní Agége, kí á ra fùkù, ẹ̀dọ̀ àti ìfun; kí á ya kóòdù rúùmù, kí á kó orí, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn adìẹ; kí á gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí á dà á sínú abọ́ ajá láìgbé e kaná. Àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá ní kílò kílò, wọ́n ń gbé e dé ẹnu géètì oníbàárà.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ajá tó ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ajá ńlá ni tèmi. Fún ọmọ ajá tí yóò wọn kílò 40, 50 tàbí 60 bó bá dàgbà, àríyànjiyàn bóyá ká sè é tàbí ká má sè é kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun méjì ló ṣáájú rẹ̀: ìwọ̀n kálísíọ́ọ̀mù tó ń wọ inú ajá náà, àti bó ṣe ń yára tóbi sí. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì bó ṣe yẹ, kó máa ronú bóyá yóò dáná tàbí kò ní dáná. Ẹni tó bá ba méjèèjì jẹ́, ẹran tí kò wọná kò lè gbà á.

Ọmọ Great Dane, irú ajá ńlá kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì kílò lọ. Kó tó pé ọdún kan, ó lè ti kọjá kílò 45. Ọmọ èèyàn kò mọ irú eré bẹ́ẹ̀ sá. Bí ilé tí wọ́n ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé lórí nígbà tí sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ kò tíì gbẹ ni ara ọmọ ajá yìí rí: ẹran ń hù, eegun ò tíì gbó, oríkèé ló sì ń ru gbogbo ẹrù náà.

Ní Yunifásítì Utrecht ní Netherlands, Herman Hazewinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọ Great Dane wádìí ọ̀rọ̀ yìí, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1985. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní oúnjẹ tí kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ pọ̀ tó bí ìlọ́po mẹ́ta èyí tó yẹ. Eegun àwọn wọ̀nyẹn kò gbó lásìkò. Eegun rírọ̀ tó yẹ kó yí padà di eegun líle ní oríkèé wọn kò yí padà dáadáa, ẹsẹ̀ iwájú àwọn mìíràn sì wọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé inú ajá àgbà mọ bí a ṣe ń kọ kálísíọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù, yóò jẹ́ kó bá ìgbẹ́ jáde. Inú ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò mọ̀ ọ́n kọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà sí i ni yóò máa fà.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe nílé. Ẹsẹ̀ ọmọ Boerboel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lóṣù mẹ́rin, aládùúgbò á ní kálísíọ́ọ̀mù ni kò tó o. Wọ́n á sáré ra kálísíọ́ọ̀mù olómi àwọn ọmọdé ní kẹ́místì, wọ́n á gún èèpo ẹyin, wọ́n á bu eegun lílọ̀ ní ìsọ̀ oúnjẹ adìẹ, wọ́n á tún fi mílíìkì lé e. Bó bá jẹ́ oúnjẹ inú àpò tó péye ni ajá náà ń jẹ tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n fi dán ajá wò ní Utrecht ni àwọn náà ń ṣe yẹn, wọ́n kàn ń fi owó ara wọn ṣe é ni. Bó sì jẹ́ ẹsẹ̀ àti ọrùn adìẹ nìkan ni wọ́n ń kó fún un láàárọ̀ lálẹ́, eegun ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, ibì kan náà ni yóò já sí.

Òdìkejì rẹ̀ náà kò dára. Ẹni tó ń fún ọmọ ajá ní ẹran, fùkù àti ẹ̀dọ̀ láìsí eegun kankan ń fi ebi kálísíọ́ọ̀mù pa á láàárín ọ̀pọ̀ ẹran. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ẹran ju kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 15 ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ara ọmọ ajá ń fẹ́ ni kí méjèèjì dọ́gba, tàbí kí kálísíọ́ọ̀mù fi díẹ̀ jù ú lọ. Bí ara kò bá rí i nínú oúnjẹ, inú eegun ni yóò ti lọ yọ ọ́. Ajá á sanra, irun rẹ̀ á máa dán, gbogbo èèyàn á máa yìn ín, àfi lọ́jọ́ tó bá fò sílẹ̀ láti orí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Àwọn ará London rí irú rẹ̀ nínú ọgbà ẹranko wọn. Ẹran ẹṣin tí kò ní ọ̀rá ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ kìnnìún ibẹ̀, rikẹ́ẹ̀tì, àrùn tó ń jẹ́ kí eegun rọ̀ kó sì wọ́, sì dà wọ́n láàmú. Ní 1889, John Bland-Sutton ní kí wọ́n fi eegun fífọ́, mílíìkì àti epo ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù kún un, ara àwọn ọmọ kìnnìún náà sì yá. Kìnnìún rèé o, tí kò sẹ́ni tó lè jiyàn pé ẹran kọ́ ló ń jẹ! Nígbà tó tó bí 30 ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ajá gan-an ni Edward Mellanby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, fi wádìí rikẹ́ẹ̀tì. Ó tọ́ wọn nínú ilé, ọkà òyìnbó tí wọ́n ń rò bí ògì ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹsẹ̀ wọn wọ́. Àwọn tó fún ní epo ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù, tiwọn gún, nítorí fítámììnì D tó wà nínú rẹ̀.

Kí ẹni tó ń fi ògì àti èbà tọ́ ọmọ Alsatian má ṣe sọ pé oòrùn Ìbàdàn yóò gba òun. Awọ ajá kì í fi oòrùn ṣe fítámììnì D tó máa tó o, bí awọ tiwa ti ń ṣe. Utrecht kan náà ló fi èyí hàn ní 1994. Inú oúnjẹ ni ajá ti ń rí tirẹ̀, bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí níbòmíràn.

Àwọn onẹ́ran tútù á ní ìkookò ni ajá. Ian Billinghurst, dókítà ẹranko ọmọ Australia, wà lára àwọn tó gbé irú èrò yìí káyé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Give Your Dog a Bone, ní 1993. Ó dáa, ìbátan ìkookò ni ajá. Ṣùgbọ́n ní 2013, Erik Axelsson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Uppsala, Sweden, yẹ jíìnì méjèèjì wò. Ẹ̀dà méjì ni ìkookò ní nínú jíìnì tó ń bá ara da oúnjẹ oníṣítáàṣì. Ajá ní láti mẹ́rin títí dé 30. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àgbẹ̀ jẹ àjẹkù. Àwọn àgbà ní ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí lé. Ó mọ àmàlà ìwòyí jẹ pẹ̀lú. Boerboel kì í sì í ṣe ẹ̀dá igbó. Èèyàn ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan bàbá àti ìyá rẹ̀ títí tó fi tóbi báyìí, nítorí náà èèyàn náà ló yẹ kó ṣírò ohun tí yóò jẹ.

Àwọn àgbà náà ló tún ní eegun kì í há ajá lọ́fun. Àwọn dókítà tó ń la ikùn ajá nítorí eegun kò bá wọn sọ ọ́. Èyí tí a sè ló léwu jù nítorí pé ó ń fọ́ ṣọnṣọ, àmọ́ èyí tí kò wọná náà ń há. Ti kòkòrò àrùn tún wà ńbẹ̀. Láàárín 2010 sí 2012, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà yẹ oúnjẹ ẹran tútù 196 tí wọ́n dì fún ẹran ọ̀sìn wò: wọ́n bá Salmonella nínú 15, wọ́n sì bá Listeria nínú 32. Èyí tí ilé iṣẹ́ dì nìyẹn, ní ìlú tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Fíríísà tiwa ńkọ́? NEPA á mú iná lọ lálẹ́, wọ́n á dá a padà láàárọ̀. Ẹran á yọ́, á tún dì, dídì kì í sì í pa Salmonella. Fùkù tó rọjú jù lọ ní odò ẹran, inú rẹ̀ gan-an ni ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù ń sá pamọ́ sí. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lára màlúù tí wọ́n pa ní odò ẹran Bódìjà. Ajá lè gbé kòkòrò wọ̀nyí láìṣàìsàn, kó sì fi ẹnu náà lá ojú ọmọ yín tó ń rákò. Ilé tí ọmọ kékeré tàbí arúgbó bá wà, tèmi ni pé kí ẹran àìsè má wọ inú abọ́ ajá ibẹ̀ rárá.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ kó tètè tóbi. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ajá Labrador 48 láti kékeré, wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, wọ́n ń fún ọ̀kan ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí èkejì ń jẹ, títí dọ́jọ́ ikú. Wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní 2002: àwọn tó jẹun kéré gbé tó ọdún 13 ní ìpíndọ́gba, àwọn tó yó gbé ọdún 11 lé díẹ̀. Ìbàdí àti oríkèé àwọn tó jẹun kéré sì dáa ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ nílé wa, bí ìhà ajá bá hàn díẹ̀ nígbà tó ń sáré, àlejò á ní ẹ kì í fún un lóúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ọmọ ajá ńlá tí ẹ fọwọ́ pa ìhà rẹ̀ lára tí ẹ lè ka eegun rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, tó sì ní ìbàdí lẹ́yìn ìhà, ara rẹ̀ ló dá yẹn. Kò sí ohun tí yóò pàdánù. Bó ṣe máa tóbi tó ni yóò tóbi tó, yóò kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Nípa oúnjẹ inú àpò: ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Àjọ AAFCO tó ń gbé òdiwọ̀n kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ ọmọ ajá tí yóò tó 70 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi kílò 32, má kọjá ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ náà lẹ́yìn tí a bá yọ omi rẹ̀ kúrò, kó má sì dín ní 1.2. Lórí àpò tó bá ti ibẹ̀ wá, ẹ wá gbólóhùn tó dárúkọ ajá ńlá tó ń dàgbà àti 70 lbs; bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kò yẹ irú wọn, ẹ dá a padà. Èyí tí wọ́n ń bù láti inú àpò ṣíṣí sínú ọ̀rá ní kílò kílò, ẹ sọ fún ọlọ́jà kó fi àpò náà hàn yín kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a, tó fẹ́ máa se ìrẹsì àti ẹja nílé, kò burú, ṣùgbọ́n kó gba ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹranko, kó má gbà á lẹ́nu ẹni tó ta ajá fún un. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB, yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta.

Mo mọ̀ pé oníṣòwò ajá kan yóò kà á, yóò ní ẹran tútù ni òun fi tọ́ gbogbo tòun, tí wọ́n sì le koko. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì ni ọmọ ajá ń lò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìbàdí tí kò jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀ ń fi ara hàn, ẹni tó ra ajá ló sì ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà ń dá kún un. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ya fọ́tò ìbàdí bàbá àti ìyá rẹ̀ rí, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn tí yóò fún yín.

Nítorí náà, títí tí ajá náà yóò fi pé oṣù 18, ẹ má fi í dán ohunkóhun wò. Ẹ má fún un ní kálísíọ́ọ̀mù tí dókítà kò kọ. Kí ẹ tó sanwó Boerboel, ẹ lọ béèrè iye tí àpò oúnjẹ rẹ̀ ń jẹ́, kí ẹ sọ ọ́ di ti oṣù 18. Bí owó náà bá ju agbára yín lọ, ẹ fi ọmọ ajá yẹn sílẹ̀ fún oníǹkan, kí ẹ lọ mú ajá ìbílẹ̀ kan. Òun náà mọ olè.