Oore Tí A Kò Gbọdọ̀ Kọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo wo Get Out, sinimá adẹ́rùbani tí Jordan Peele, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2017, tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar lórí ìtàn rẹ̀ ní 2018.

Ọ̀rẹ́bìnrin Chris, ọmọ òyìnbó, mú un lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ ọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bàbá ní òun ì bá dìbò fún Obama lẹ́ẹ̀kẹta bí ó bá ṣeé ṣe. Àṣé ara Chris ni wọ́n fẹ́ tà, kí wọ́n lè gbé ọpọlọ ẹlòmíràn sí i lórí. Afọ́jú tó bá a sọ̀rọ̀ dáadáa jù lọ nínú àwọn àlejò, ojú rẹ̀ gan-an ló ń rà.

Àwọn kan ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí a má gba oore àjèjì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sá fún gbogbo ẹ̀rín, òun nìkan ni yóò kù. Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí: Rod, ọ̀rẹ́ Chris, kìlọ̀ fún un, Chris kò gbọ́, Rod kò sì torí ìyẹn kọ̀ ọ́ sílẹ̀, òun náà ló wá gbé e nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ọmọbìnrin náà ní kí ó jẹ́ kí ìyàwó òun wo àṣà sìgá mímu sàn lára rẹ̀, Chris ní òun kò fẹ́. Lóru ọjọ́ náà, ìyá ọmọbìnrin náà fi ṣíbí àti ife tíì ṣe é fún un tipátipá.

Àwa náà ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́. Àjàpá kò fi okùn fa Erin; oyè ọba ló fi tàn án, ẹní ló tẹ́ bo kòtò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ẹni tó ṣèlérí iṣẹ́ ní òkè òkun, tó sanwó ọkọ̀, tó wá ní kí ìwé ìrìnnà wa wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀gá tó ń ràn wá lọ́wọ́, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀: ẹ jẹ́ kí a kọ díẹ̀ nínú oore wọn wò. Ọmọlúàbí yóò ní kò burú. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá yí padà, ó ti fi ohun tó ń wá hàn.