Kí Àgbẹ̀ Tó Fín Oògùn, Kó Yẹ Abẹ́ Ewé Wò

Láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, agbára káká ni a fi lè rí ilé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ kò kàn. Ẹni tí kò gbìn ín ń yan gààrí, ẹni tí kò yan án ń jẹ láfún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé kòkòrò ló gba ẹ̀gẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò.

Ọdún 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò funfun kan, tó dà bí ẹni fi ìyẹ̀fun kun ara, lórí ẹ̀gẹ́ ní Kóńgò. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ Nàìjíríà àti Benin, ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, orí ewé ń ṣù jọ, ewé ń re. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ṣáájú wọn, tọpa rẹ̀ dé ibi tó ti ṣẹ̀. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n kan tí kò tó mìlímítà méjì, Anagyrus lopezi, tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1981. Àgbẹ̀ kankan kò san kọ́bọ̀. Ní 1995, Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize fún iṣẹ́ yìí.

Irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú oko ẹ̀wà pẹ̀lú.

Kòkòrò dúdú tín-ń-tín tó máa ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú ẹ̀wà ń fa omi rẹ̀ mu, ó sì ń kó àrùn láti ìdí kan dé òmíràn. Ẹni tó ń pa á jẹ ni kòkòrò róbótó pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn. Tìyá tọmọ ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ gùn, ó dúdú, kò jọ ìyá rẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́ pa bí ọ̀tá. Bí wọ́n bá sì fín oògùn, gbogbo wọn ló ń kú pọ̀. Kòkòrò dúdú yìí kò nílò akọ kó tó bímọ, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ padà.

Òótọ́ ni pé kòkòrò pupa yìí kò lè kápá ìdin tó ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà. Oògùn ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Olábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ayétòrò, láàrin àwọn oko wọ̀nyí. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba kó kòkòrò pupa yìí àti ọmọ rẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n gbé e dé ọjà àti ìpàdé àgbẹ̀, kí olóko lè fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́.