Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran

Àwọn àgbà kò ní kí ẹni tí nǹkan ń dùn má sunkún. Wọ́n ní kí omijé má bo ọ̀nà mọ́ ọn lójú ni. Òwe yìí bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àìsàn ojú tó ń jẹ́ glaucoma mu gan-an.

Omi kan wà nínú ẹyinjú tó ń sun, tó sì ń ṣàn jáde tọ̀sán-tòru. Bí ojú ọ̀nà tó ń gbà jáde bá dí, ìfúnpá inú ojú á ga, á máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Iṣan náà tó bá ti kú, kò tún jí mọ́. Ìbẹ̀rù ìfọ́jú, àti owó oògùn tí ń gòkè, ló ń mú kí aláìsàn ní Mushin tàbí Yaba, ní Èkó, tẹ́tí sí ẹni tó bá ní igbó, tàbí òróró CBD tí wọ́n ń fà yọ lára igbó, ló máa wò ó sàn.

Ọ̀rọ̀ náà ní orísun. Lọ́dún 1971, àwọn olùwádìí Hepler àti Frank ní Amẹ́ríkà rí i pé ìfúnpá ojú àwọn tó mugbó lọ sílẹ̀. Ní Jàmáíkà, àwọn apẹja ní ọtí tí àwọn rẹ igbó sí ń jẹ́ kí àwọn ríran lóru. Àwọn olùwádìí Manley West àti Albert Lockhart kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, wọ́n sì ṣe Canasol, oògùn àkánsójú fún glaucoma, jáde.

Ẹ wá wo ohun tí eku fi hàn ní Yunifásítì Indiana lọ́dún 2018. Wọ́n kán THC, èròjà tó ń pa amugbó bí ọtí, sójú eku. Ìfúnpá ojú akọ lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún fún wákàtí 8. Ti abo kò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kán CBD, èyí tí kì í pa èèyàn bí ọtí, ni ìfúnpá bá fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè fún wákàtí 4, ó kéré tán. Nígbà tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, CBD kò jẹ́ kí THC ṣiṣẹ́. Inú ewé kan náà ni méjèèjì ti wá! Lóòótọ́, eku kì í ṣe èèyàn, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ńlá nìyí fún ẹni tó fẹ́ ra òróró CBD nítorí ojú.

Èéfín igbó ńkọ́? Wákàtí 3 sí 4 ni agbára rẹ̀ mọ. Glaucoma kì í sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ gbára lé e á máa fà á ní ìgbà 6 sí 8 lójúmọ́, láìsọ ti òfin ilẹ̀ wa tó kà á léèwọ̀.

Ríran tí òwe ń wí nìyẹn: kí a má yin ewé, kí a má bú u, kí a tó mọ ohun tó ń ṣe. Kí onímọ̀ wa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí aláìsàn má sì tìtorí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì.

Glaucoma tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Kí ẹkún rẹ̀ tó dé, ìríran ti ń lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ti pé ọmọ 40 ọdún, tàbí tí òbí rẹ̀ ní in, kó lọ síbi ìtọ́jú ojú, bíi Guinness Eye Centre ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà. Wọn á kán oògùn tí kò ní jẹ́ kí ojú mọ̀ ọ́n lára, aláìsàn á gbé àgbọ̀n lé irin, ṣóńṣó ẹ̀rọ kan á rọra fara kan ẹyinjú, nọ́ńbà ìfúnpá á sì jáde. Wọn á yẹ iṣan ojú náà wò. Ẹ lọ nígbà tí ẹ ṣì ń ríran dáadáa.