Pápá Bàálù Wo Ni Ó Yẹ Oníṣòwò Ọ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn tí iṣẹ́ ajé ti sọ di èrò ojú òfurufú: àwọn oníṣòwò pákó àti kòkó, àwọn agbaṣẹ́ṣe, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá wọn ń rán láti Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbò lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù. Ó kan ẹ̀yin ará ilé wọn pẹ̀lú, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ń dúró dè wọ́n, ẹ̀yin náà ni ẹ óò tọ́jú wọn bí àìsàn bá dé.

Àwa kò ní pápá bàálù tiwa ní agbègbè yìí, ṣùgbọ́n oríta ni Ọlọ́run fi wá sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ bàálù lè gba Òdìgbò àti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́. Ó lè gba Ofosu lọ sí Bìní. Ó sì lè gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù lọ sí pápá Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Àkúrẹ́ àti Bìní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí Ọ̀rẹ̀. Ìkẹjà lé ní 200. Síbẹ̀, bí mo bá bi àwọn arìnrìn-àjò tí ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ ní disipẹ́ńsárì wa ní Omífunfun pé níbo ni wọ́n ti wọ bàálù, Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ń dárúkọ. Bí mo bá ní kí ló dé, wọn a ní, "Nọ́ọ̀sì, tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ló dínwó, bàálù ibẹ̀ ló sì pọ̀."

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń ṣọ́ owó ná. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣirò náà kò pé. Wọ́n ka owó tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò ka oorun tí wọ́n pàdánù, wọn kò ka wákàtí tí ẹsẹ̀ wọn fi ká sínú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ka òru tí wọ́n fi rin ọ̀nà. Lójú tèmi, ìrìn ilẹ̀ tí ó wà láàrin ilé ẹni àti pápá bàálù ni kí á kọ́kọ́ wò kí á tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bàálù láti Àkúrẹ́ tàbí Bìní kì í pẹ́ ju nǹkan bí wákàtí kan lọ kí ó tó dé Àbújá. Ojú títì ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ẹ̀rù, nítorí ibi tí kò yẹ ni a sábà máa ń gbé e sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2012, bàálù Dana tí ó ń ti Àbújá bọ̀ ní Èkó já lulẹ̀. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, ó sì pa lára àwọn tí ó já lé lórí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 2013, bàálù tí ó gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà ìpínlẹ̀ wa nígbà kan rí, já ní Èkó kété tí ó gbéra láti máa bọ̀ ní Àkúrẹ́. A kò gbàgbé, a kò sì lè gbàgbé. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé nítorí èyí ni àwọn kò fi ní wọ bàálù Àkúrẹ́ láé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Èkó ni bàálù náà ti gbéra, Èkó náà ni ó já sí. Kí ni ti Àkúrẹ́ níbẹ̀?

Ẹ fi èyí wé ojú títì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ènìyàn 1,190,000 ni jàǹbá mọ́tò pa ní gbogbo ayé. Ti bàálù èrò ńláńlá, ní ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí ń kú kò tó 1,000. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí sì ni ikú ojú títì ti pọ̀ jù bí a bá fi iye ènìyàn ṣírò. Àwa tí a ń gbé ní etí ọ̀nà Èkó sí Bìní kò nílò kí àjèjì sọ ọ́ fún wa. Àwa la ń gbọ́ ìró rẹ̀ lóru, àwa la ń rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó dábùú ọ̀nà láàárọ̀, a sì ń gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ń sá fún bàálù Àkúrẹ́, tí ó wá fi òru rin 200 kìlómítà lọ sí Ìkẹjà, ó sá fún òjò, ó bọ́ sódò.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ oorun. Bí bàálù yóò bá gbéra ní Ìkẹjà ní agogo méje àárọ̀, èrò ní láti ti débẹ̀ ṣáájú agogo mẹ́fà. Nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí a máa ń bá pàdé bí a bá ti ń wọ Èkó, agogo kan òru ni ọlọ́gbọ́n yóò gbéra ní Ọ̀rẹ̀. Ó ṣe ìpàdé ní Àbújá, ó padà ní ìrọ̀lẹ́, ó wọ mọ́tò ní Ìkẹjà, ó délé ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Wákàtí méjìlélógún ni ojú rẹ̀ fi là sílẹ̀ yẹn. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Australia, Dawson àti Reid, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí mẹ́tàdínlógún, ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ a máa lọ́ra bíi ti ẹni tí ó ti mu ọtí. Bí ó bá di wákàtí mẹ́rìnlélógún, a burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ wọ mọ́tò ọ̀mùtí, ẹ rántí pé awakọ̀ tí ó gbé yín lọ lóru tí ó tún dúró láti gbé yín bọ̀ lóru, ọ̀kan náà ni òun àti ọ̀mùtí. Kò mu ọtí, ṣùgbọ́n oorun ti pa á.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá. Bí a bá ń rìn, iṣan ojúgun wa ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Bí a bá jókòó pẹ́ láìmira, ẹ̀jẹ̀ a máa lọ́ra nínú ẹsẹ̀, nígbà mìíràn a sì dì bí ògì. Bí èyí tí ó dì náà bá já, tí ó sì gun òkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn lójijì. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìrìn àjò tí ènìyàn fi jókòó fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì. Kì í ṣe bàálù nìkan: ìbáà jẹ́ mọ́tò, bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè, ọ̀kan náà ni. Lóòótọ́, ewu náà kéré fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ń ga sí i fún ẹni tí ó bá ń rin ìrìn àjò léraléra láàrin ọjọ́ díẹ̀, fún ẹni tí ó sanra púpọ̀, fún aboyún, fún ẹni tí ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí onírúurú tí ó ní ẹ́sítírójìn nínú, àti fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ lẹ́yìn ìrìn àjò, tí ojúgun rẹ̀ ń dunni tí ó sì gbóná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi rọ́ọ̀bù tàbí àbóníkì wọ́ ọ. Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù lọ, nítorí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ fi ń ṣe é. Wíwọ́ náà lè já ẹ̀jẹ̀ dídì náà kúrò níbi tí ó wà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá sì ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró dè ilẹ̀ kí ó mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tí mo ń rí jù nìyí láàrin àwọn arìnrìn-àjò. Wọn a fo oògùn wọn lọ́jọ́ ìrìn àjò, pàápàá èyí tí ń múni tọ̀, nítorí wọn kò fẹ́ máa dá mọ́tò dúró. Ẹni tí ó bá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù tí ó sì ń fo oògùn ní àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ mẹ́fà ni ó fò lóṣù náà. Rọpárọsẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹ bi dókítà yín bí ẹ ṣe lè yí àkókò lílo rẹ̀ padà, ẹ má fò ó. Inú àpò tí ẹ ó gbé dání ni kí oògùn wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọn yóò gbé sí abẹ́ bàálù. Ẹni tí ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ṣọ́ èyí gidigidi, nítorí òtútù abẹ́ bàálù lè ba oògùn náà jẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé, "Nọ́ọ̀sì, o kò sọ àbùkù Àkúrẹ́." Mo fẹ́ sọ ọ́. Bàálù tí ń gbéra níbẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Èkó. Bí ọ̀kan bá fagi lé ìrìn rẹ̀, ó lè di ọjọ́ kejì kí ẹ tó rí òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pápá kéékèèké ní Nàìjíríà kì í gba bàálù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ní àkókò ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, kùrukùru a máa bo ojú ọ̀run, a sì ń dá bàálù dúró. Ọ̀nà Bìní pẹ̀lú ní tirẹ̀: láti Ofosu lọ, igbó ni lọ́tùn-ún lósì, kò yẹ ní òru rárá. Kò sí èyí tí kò ní àbùkù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n àbùkù wọn kò dọ́gba. Kí bàálù fi ènìyàn sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ di ọjọ́ kejì, owó àti àkókò ni ó ná an. Kí awakọ̀ sùn lọ lórí ìdarí ní agogo méjì òru, ẹ̀mí ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí. Èkíní, bí ó bá jẹ́ Àbújá ni ẹ ń lọ, ẹ wo Àkúrẹ́ àti Bìní kí ẹ tó wo Èkó. Èyí tí àkókò bàálù rẹ̀ bá jẹ́ kí ẹ kúrò nílé lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ sì padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ni kí ẹ mú. Èkejì, bí méjèèjì kò bá ṣe é ṣe, ẹ lọ sùn ní ìlú tí pápá bàálù wà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, bí àbọ̀ bá sì bọ́ sí alẹ́, ẹ sùn níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń lọ sí òkè òkun tí ó ní láti gba Ìkẹjà, kí ó lọ ní àná. Kí ó má ṣe é ní òòjọ́. Ẹ̀kẹrin, ní àkókò ọyẹ́, ẹ má fi ìpàdé sí ọjọ́ kan náà tí bàálù yín yóò gbéra. Ẹ̀karùn-ún, ẹ dá mọ́tò dúró ní gbogbo wákàtí méjì níbi tí ènìyàn wà, kí ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ mu omi. Bí ẹ bá sì wà lórí ìjókòó, ẹ máa na ẹsẹ̀ kí ẹ sì máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó yan pápá kankan: aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pọ̀, ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àti ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù. Afẹ́fẹ́ inú bàálù lè fúyẹ́ bí ti orí òkè tí ó ga tó 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Òkè Ìdànrè wa kò tó ìdajì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kù sí ọwọ́ ẹ̀yin ọ̀gá tí ń rán ènìyàn níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì tí ó dínwó jù ni kí ó rà, ẹ fi owó mọ́tò àti owó ilé ìtura kún un kí ẹ tó sọ pé ó dínwó. Bí ẹ kò bá lè san owó ibi tí òṣìṣẹ́ yóò sùn, ẹ sún ìpàdé síwájú. Iṣẹ́ tí kò lè dúró de ilẹ̀ mímọ́ kò pọ̀ láyé.

Ìjà tí wọ́n jà níhìn-ín ní 1967 ni ó sọ orúkọ Ọ̀rẹ̀ di òwe. Àwa kò fẹ́ kí ojú títì fi tiwa kún òwe náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ń bọ̀, ẹ wá kí ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.