Ìsinmi Kì í Ṣe Ìtìjú



Àwọn òbí kan ní Odòde níhìn-ín bi wá pé kí ni àwọn ọmọ ń tẹ̀ lórí fóònù ṣáá. A jókòó ti ọ̀kan nínú wọn. Eré bọ́ọ̀lù agbọ̀n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọmọ kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun ni yóò pinnu ẹni tí yóò wọlé, ẹni tí yóò jáde, àti iye ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù yóò lò.

Bí ìṣirò rẹ̀ ti rí nìyí: ènìyàn 5 ni í wà lórí pápá fún ìṣẹ́jú 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 200, ènìyàn 12 ni ó sì wà láti pín in. Ẹni tí ó jáde lè padà wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn 5 kan náà ni ọmọ yìí lò títí. Nígbà tí ó di ìdá kẹrin, àárẹ̀ mú wọn, bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pàdánù. Àwọn tí ó wà lórí bẹ́ńṣì kò sì kọ́ ohunkóhun.

Ní ọdún 2024, àwọn obìnrin wa, D'Tigress, tí Rena Wakama ń darí, wọ ìpele ẹgbẹ́ 8 tí ó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì Paris. Kò sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà tí ó dé ibẹ̀ rí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Nínú ìjọ ńkọ́? Arábìnrin kan náà ni ó ń kọrin, òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọdé, òun náà ni ó ń se oúnjẹ àlejò. Nígbà tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn, a ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Àwa pàápàá jẹ̀bi. Ta ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Jẹ́tírò ti kìlọ̀ irú èyí fún Mósè nínú Ẹ́kísódù orí 18.

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ kò padà sẹ́yìn; ó ń gba agbára láti dé òkè ni.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá ẹni kan tí ó ti rẹ̀, kí ẹ gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi lé ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Olúwa yóò fún wa ní ọgbọ́n. Àmín.